Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ẹni Tó Ń Kọ́ Fọ́tò Yíyà Wo Iṣẹ́ Rẹ̀, Kí Ọ̀rọ̀ Yín Sì Wúlò Fún Un

Ẹnì kan ya fọ́tò, ó gbé e wá, ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, báwo lẹ ṣe rí i?" Lọ́pọ̀ ìgbà ní Ìlọrin wa yìí, ìdáhùn méjì ló máa ń gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ó ní, "Ó dáa gan-an, Ọlọ́run á túbọ̀ ràn ẹ́ lọ́wọ́." Bí ó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ ó ní, "Kí lo yà yìí? Ṣé o ò ríran ni?" Ti àkọ́kọ́ dùn, ti èkejì korò, síbẹ̀ ibì kan náà ni àwọn méjèèjì já sí: ó padà sílé láìmọ ohun tí òun máa ṣe lọ́tọ̀ nígbà tí òun bá tún gbé kámẹ́rà.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ lórí fọ́tò ẹlòmíì nìyẹn. Bí ẹni tó yà á bá dìde níwájú yín tó mọ ohun kan pàtó tó máa ṣe lọ́la, ẹ ti ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ yín gùn tó. Kò sì di dandan kí ẹ jẹ́ ògbóǹtarìgì ayàwòrán kí ẹ tó lè ṣe é. Ojú tó fara balẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Fọ́tò náà gan-an bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà tàbí fóònù. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó gbé e lọ, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ sọnù ni àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ẹ fẹ́ wò. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, tàbí kó tẹ HD kó tó fi ránṣẹ́.
- Fọ́tò mẹ́ta sí márùn-ún tó yà níbì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Fọ́tò kan ṣoṣo lè jẹ́ orí ire. Mẹ́rin máa fi hàn yín bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.
- Ìmọ́lẹ̀ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín lókè dáadáa, kí ẹ sì pa èyí tó ń sọ ojú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú lálẹ́. Ẹ má wo fọ́tò nínú oòrùn.
- Àkọsílẹ̀ tó wà lára fọ́tò náà: aago tó yà á, shutter speed (bí kámẹ́rà ṣe yára ṣí tó sì pa dé tó), ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé agbára ìmọ́lẹ̀ sókè). Nínú Google Photos, ẹ fa fọ́tò náà sókè, ẹ máa rí i nísàlẹ̀.
- Ibi ìkọ̀kọ̀. Iwájú oníbàárà kì í ṣe ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ iṣẹ́ sọ́nà.
- Ìbéèrè láti ẹnu rẹ̀. Bí kò bá ní kí ẹ bá òun wò ó, ẹ kí i kú iṣẹ́, ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn

Kí ẹ tó sọ ohunkóhun, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: "Kí lo fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ rí? Ta lo yà á fún? Kí ni kò tẹ́ ìwọ fúnra rẹ lọ́rùn níbẹ̀?"

Ẹ wo ìdí tó fi ṣe pàtàkì. Ọmọ kan lọ sí ibi tí omi Òwu ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, nítòsí Ọ̀wá Kájọlá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Kwara, ó sì ya omi náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, kékeré, ní igun kan. Bí ó bá jẹ́ pé bí omi náà ṣe ga tó ló fẹ́ fi hàn, ọ̀rẹ́ kékeré yẹn gan-an ló gba fọ́tò náà là. Omi yẹn ga tó nǹkan bí 100 mítà, àmọ́ bí kò bá sí èèyàn nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí kò ní mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ yà kí ó fi ṣe ìrántí ìrìn àjò, ọ̀rẹ́ náà ti sọnù, ó yẹ kó sún mọ́ ọn. Fọ́tò kan náà, ìmọ̀ràn méjì tó ta kora. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó yà á nìkan ló lè sọ èyí tó tọ́.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* Wọ́n á máa sọ fọ́tò tí àwọn ìbá yà. "Èmi ì bá ti dúró sápá ọ̀tún." Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ fọ́tò tiyín nìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi gbólóhùn kan sọ èrò rẹ̀ padà fún un. Bí ó bá ní "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn," ẹ tẹ̀ síwájú. Bí ó bá ṣiyè méjì, ó lè jẹ́ pé kò ní ohun kan pàtó lọ́kàn nígbà tó yà á, ẹ sì ti rí ohun tí ẹ máa bá a sọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wò ó láìsọ̀rọ̀

Ẹ fún un ní odindi ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń pẹ́ lójú ẹni tó ń retí èsì, torí náà ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ wò ó dáadáa ni. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ kíyè sí ibi tí ojú yín bà lé ní kété tí ẹ ṣí fọ́tò náà. Ẹ fi ojú yín tọ etí fọ́tò náà yí po, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n yà. Ẹ wá fà á tóbi, kí ẹ wo ẹyinjú.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ìyá kan ń mọ ìkòkò ní Dada, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Ìlọrin. Ó tẹ̀ ba lórí ìkòkò tó ń mọ lọ́wọ́, amọ̀ tútù dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, àwọn ìkòkò tó ti parí wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀. Oòrùn òwúrọ̀ kan èjìká rẹ̀ òsì. Àmọ́ ẹni tó yà á wà lórí ìdúró, nítorí náà gèlè ìyá náà la rí, a ò rí ojú rẹ̀. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ti já síta etí fọ́tò. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù kan ń yọjú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sì ni ojú máa kọ́kọ́ bà lé, torí pé òun nìkan ni búlúù láàárín gbogbo ohun tó pọ́n bí amọ̀. Ẹni tó yà á kò rí i nígbà tó ń yà á. Ọwọ́ ìyá náà ló ń wò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nìyẹn: ojú wa máa ń yan ohun tó fẹ́ rí, kámẹ́rà kì í yàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun méjì tó máa ń dààmú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ.

Àkọ́kọ́ ni fọ́tò tí kò já gaara. Ẹ má kàn sọ pé "kò hàn dáadáa". Ohun mẹ́rin ló lè fà á, oògùn wọn kò sì jọra.

- Bí gbogbo fọ́tò bá fà sí ọ̀nà kan náà, ọwọ́ ẹni tó yà á ló gbọ̀n. Kó fara ti ògiri, kó sún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ara.
- Bí ilẹ̀ àti ògiri bá já gaara tó jẹ́ ohun tó ń rìn nìkan ló fà, shutter speed ló lọ́ra. Ẹ máa rí èyí lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú fọ́tò ẹṣin níbi Durbar Ìlọrin lásìkò Iléyá. Ẹṣin tó ń sáré nílò 1/500 ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán, 1/1000 sàn jù. Àmọ́ bí ẹṣin bá já gaara tó jẹ́ pé èrò ẹ̀yìn ló fà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé ẹṣin náà ni. Ìyẹn kì í ṣe àléébù, iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹ yìn ín.
- Bí ohun tó wà lẹ́yìn bá já gaara tó sì jẹ́ ojú èèyàn ni kò já, kámẹ́rà fojú sí ibòmíì. Kó tẹ ojú èèyàn náà lórí fóònù kó tó yà á.
- Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣú bí ẹni pé kùrukùru wà níbẹ̀, tí iná sì ń fọ́n ká, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ǹsì dọ̀tí. Kó fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣọ́ra: eruku inú afẹ́fẹ́ náà máa ń sọ ohun tó jìnnà di bàìbàì, lẹ́ǹsì ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Kó sún mọ́ ohun tó ń yà.

Èkejì ni ìmọ́lẹ̀ ojú èèyàn, pàápàá nígbà tí aṣọ bá funfun. Alàgbà kan wọ agbádá funfun lọ kírun Jímọ́ọ̀, wọ́n yà á níwájú mọ́ṣáláṣí, agbádá hàn, ojú ṣókùnkùn. Kámẹ́rà kò mọ̀ pé aṣọ funfun ni. Ohun tó ń wá ni kí ohun gbogbo tó wà níwájú rẹ̀ wà láàárín, kó má funfun jù, kó má dúdú jù. Nígbà tí funfun bá pọ̀, ó máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ìdàkejì rẹ̀ ni ti obìnrin tó wọ híjáàbù dúdú: kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú á wá funfun bàlàù. Fún ti àkọ́kọ́, kó tẹ ojú náà lórí fóònù, kó fa àmì oòrùn sókè díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, bọ́tìnì tí wọ́n kọ +/- sí ni. Àmọ́ nínú oòrùn gangan, bí ojú ṣe ń mọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá máa ń parẹ́. Ojútùú rẹ̀ ni kí ó mú bàbá wá sábẹ́ òjìji, ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n kọjú síta. Abẹ́ igi máńgòrò kò dára tó bẹ́ẹ̀, torí pé oòrùn máa ń yọ láàárín ewé, yóò sì fi àbàwọ́n sójú.

Ẹ pín ohun tí ẹ rí sí méjì: èyí tí a lè tún ṣe lórí fóònù, àti èyí tó di dandan kó tún yà. Ilé tó wọ́, ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó gé dànù, ojú tó ṣókùnkùn díẹ̀, gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe. Funfun tí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ tán kò ní padà. Ẹyinjú tí kò já gaara kò ní já gaara.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ojú wọn kọ́kọ́ rí, kí wọ́n tó rí ìyókù.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gbé fóònù náà dojú bolẹ̀. Ṣé ẹ lè sọ ohun tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ ò tíì wò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan ohun kan ṣoṣo

Ẹ ti lè rí àléébù mẹ́fà báyìí. Ẹ má sọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ohun mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní rántí ju èyí tó dùn ún jù lọ.

Ẹ wá èyí tó jẹ́ gbòǹgbò àwọn yòókù. Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyá amọ̀kòkò: ojú tí a ò rí, ìka tó já, bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù. Ó dà bí ohun mẹ́ta, ohun kan ṣoṣo ni. Ẹni tó yà á dúró. Bí ó bá lóṣòó sí iwájú ìyá náà, tí kámẹ́rà wá wà ní ọ̀gangan ìkòkò, ojú wọn á yọ lábẹ́ gèlè, ọwọ́ méjèèjì á wọlé, bọ́kẹ́ẹ̀tì á sì bọ́ sẹ́yìn ìkòkò, tàbí kó rí i kó sún un kúrò. "Lóṣòó" ni gbogbo ìmọ̀ràn tó nílò lọ́jọ́ náà.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* "Lọ ra lẹ́ǹsì gidi." Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ tó lọ́wọ́ kúrò nídìí fọ́tò. Ohun tí kò ṣeé fi fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe, ẹ má dárúkọ rẹ̀ àyàfi tó bá béèrè.

*Àyẹ̀wò:* Ṣé ó lè ṣe é lọ́la, láìná kọ́bọ̀?

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sọ ọ́ fún un

Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó dára, kí ẹ sì sọ ìdí tó fi dára. "Ó dáa" kò tó. "Oòrùn tó kan èjìká ìyá yẹn jẹ́ kí a rí bí aṣọ wọn ṣe rí, dúró sápá ibẹ̀ nígbà gbogbo" kún, torí ó mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ẹ má ṣe purọ́ yìn ín. Nínú fọ́tò márùn-ún tó kó wá, ẹ máa rí ohun kan tó tọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà lórí fọ́tò, kí ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí kó ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dá lórí fọ́tò, kó má dá lórí ẹni tó yà á.

Dípò "O ti gé ọwọ́ ìyá dànù": "Ìka wọn ti já síta níbí, ọwọ́ wọn sì ni a fẹ́ rí. Lóṣòó, kó o sún sẹ́yìn ẹsẹ̀ kan."

Dípò "O ò mọ ìmọ́lẹ̀ lò rárá": "Ojú wọn ṣókùnkùn ju agbádá lọ. Ní kí wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó o tún yà á."

Dípò "Ó rí jágbajàgba": "Òpó iná yìí dà bíi pé orí ìyàwó ló ti yọ jáde. Gbé ẹsẹ̀ méjì sósì."

Bí ẹni tó yà á bá jù yín lọ, ọ̀nà yàtọ̀. Àlàájì kan fẹ̀yìn tì, ó ra kámẹ́rà, ó sì pe ẹ̀yin ọmọ tó lè bí kí ẹ bá òun wò ó. Ẹ ò lè pàṣẹ fún un, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́, torí pé ó fẹ́ mọ̀ ni ó ṣe pè yín. Ẹ fi ìbéèrè ṣe é: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ ṣe é dáadáa bẹ́ ẹ ṣe dúró dìgbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ béèrè: ṣé àyè wà lápá òsì yín níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé òpó yìí ò ní wà lórí fìlà wọn?" Yóò wò ó, yóò sì rí i fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe é níwájú ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àbúrò tàbí ọmọ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀: "Ìwọ fúnra rẹ, kí lo máa yí padà?" Lọ́pọ̀ ìgbà yóò dárúkọ ohun tó wà lọ́kàn yín gan-an, yóò sì gbà á tọkàntọkàn torí pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* Ọ̀nà méjì. Wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí ẹwà ẹni tí wọ́n yà: "obìnrin yìí ò tiẹ̀ dára lójú". Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó lè fi ìyẹn ṣe ohunkóhun, ó sì lè jẹ́ ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n á sì fojú fo ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè: ṣé obìnrin yẹn lọ́jà Ìpàtà mọ̀ pé wọ́n ń ya òun? Bí kò bá tọrọ àyè, ẹ sọ fún un gbangba pé ìyẹn ṣáájú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì (ibi tí kámẹ́rà fojú sí).

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ní kó sọ ohun tó gbọ́ padà lẹ́nu ara rẹ̀. Bí ó bá ní "Ẹ ní kò dáa", ọ̀rọ̀ yín ni kò dé ibi tó yẹ. Ẹ tún un sọ. Bí ó bá ní "Ẹ ní kí n lóṣòó", ó ti yé e.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ní kó tún yà á

Èyí ni àwọn tó ń tọ́ ènìyàn sọ́nà máa ń fò, tí gbogbo iṣẹ́ ìṣáájú á sì já sí òfo. Ẹ rán an padà síbi kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ní aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí láti nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò sí lórí tààrà. Kó ya mẹ́wàá, kó má yí ohun mìíràn padà yàtọ̀ sí ohun kan tí ẹ jọ sọ. Bí ó bá wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán tí ẹ̀yin wà ní Ìlọrin, kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, kí ẹ sì pè é lórí fóònù kí ẹ jọ wò ó. Ohùn èèyàn máa ń rọ ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà máa ń mú le.

Ẹ gbé ti àkọ́kọ́ àti ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

*Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà:* Wọ́n á wo ti tuntun, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí ka àléébù mìíràn kí wọ́n tó sọ pé ti àkọ́kọ́ ti kúrò. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó ti kúrò.

*Àyẹ̀wò:* Ṣé ohun kan yẹn yí padà? Ẹ má tíì béèrè bóyá fọ́tò náà rẹwà. Bí ọwọ́ ìyá ti wọlé tí ojú wọn sì ti hàn, ẹ yan ohun kan mìíràn nínú èyí tí ẹ fi pamọ́ ní Ìgbésẹ̀ 3. Bí kò bá yí padà, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó lè ní ìyá náà kò fẹ́ kí òun sún mọ́ wọn, tàbí pé ẹrẹ̀ ni ibi tó yẹ kí òun lóṣòó sí. Nígbà náà, ẹ jọ wá ọ̀nà míì: kó gbé fóònù sísàlẹ̀ ní ìdojúdé, kó na ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó yà á láti ibẹ̀ láìlóṣòó.